Bíráúsà wo ló yẹ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ àti fóònù Android 9? Ará Ifẹ̀, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọParakin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni, RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, hard disk ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe SSD, Windows 10 sì ni. Fóònù jẹ́ Android 9, RAM 2GB. Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe kò ju ká forúkọ sílẹ̀ lórí pọ́tà ilé-ìwé, ká san owó, ká tẹ rìsíìtì jáde, ká ka ìròyìn. Chrome ti wúwo jù. Ẹnìkan ní Opera Mini ló mọ dátà í ṣọ́, ẹlòmíràn ní Edge ló fúyẹ́, ẹni kẹta ní Firefox ti kú. Èwo ni ká mú? Ṣé ìyàtọ̀ tiẹ̀ wà láàárín wọn, àbí orúkọ lásán ni?

Ẹ̀rọSábó

Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ara ẹ̀rọ kó tó kan bíráúsà. Nínú RAM 4GB yẹn, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ fi ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Windows 10 fúnra rẹ̀ á ti mú bí ìdajì kó o tó ṣí ohunkóhun. Èyí tó ṣẹ́kù ni bíráúsà ń ná. Tí kò bá tó, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù láti inú RAM lọ sórí hard disk, á tún máa kó o bọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa ń dúró sójú kan tí iná hard disk á máa ṣẹ́jú láìsinmi. Chrome la máa ń bú, hard disk ló sì ń fa nǹkan sẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lówó lè ká, ra SSD 240GB, ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ, èyí tó jẹ́ SATA oníǹṣì 2.5. Àyè hard disk yẹn gan-an ló máa wọ̀. Tí owó bá tún wà, fi RAM kún un, bí ihò kejì bá wà nínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n yọ èyí tó wà níbẹ̀ jáde, ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kó o tó lọ sọ́jà. RAM irú DDR3 kò ní wọ ihò DDR4 láéláé. DDR3 àti DDR3L máa wọ ihò kan náà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tan ènìyàn jẹ: fóòltì 1.35 ni DDR3L ń lò, 1.5 ni DDR3. Láptọ́ọ̀pù tó bá jẹ́ 1.35 nìkan ló ń gbé jáde kò ní tàn sí DDR3 lásán, bó tilẹ̀ wọlé ṣinṣin.

Ní ti Chrome fúnra rẹ̀, tẹ Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager tirẹ̀ á jáde. Tẹ orí "Memory footprint" kó tò wọ́n láti orí èyí tó ń jẹun jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, wàá rí àfikún (extension) tí ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fi sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí "PDF converter" kan tí kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tó wọlé. Yọ ọ́ kúrò ní "Extensions", má kàn fi "End process" pa á, torí ó máa padà bọ̀. Lẹ́yìn náà, Settings, Performance, tan "Memory Saver". Táàbù tí o kò wò fún ìgbà díẹ̀ á máa sùn. Nǹkan kan ló wà níbẹ̀ o: táàbù tó bá sùn, tó bá jí, á tún ojú ìwé náà gbé wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó o ti kọ sínú fọ́ọ̀mù sì lè pòórá. Fi àdírẹ́sì pọ́tà yẹn sí "Always keep these sites active".

ÌyáKafé_Mayfair

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀gbọ́n. Mo fi èyí kún un: nínú Chrome, ní Settings, System, ẹ pa "Continue running background apps when Google Chrome is closed". Nínú Edge ó wà ní "System and performance", ẹ sì pa "Startup boost" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá wà ní títàn, ẹ ti pa bíráúsà lójú ni, kò tíì kú nínú ẹ̀rọ.

AdéKóòdù

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ ỌmọParakin ni mo fẹ́ dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni o, púpọ̀ nínú wọn, orúkọ lásán ni.

Ohun tó ń ka ojú ìwé tó ń tò ó sójú fún wa là ń pè ní ẹ́ńjìnnì. Chrome, Edge, Opera, Brave, Vivaldi, Samsung Internet, ẹ́ńjìnnì kan náà ni gbogbo wọn gbé: Blink, tó wà nínú Chromium, ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ Chrome, èyí tí Google ń darí. Safari ń lo WebKit. Firefox ń lo Gecko. Kò sí ìkẹrin tó gbajúmọ̀ mọ́. Ìdílé kan náà sì ni Blink àti WebKit ti wá. KHTML ni bàbá wọn, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe KDE, ojú tábìlì kọ̀ǹpútà, fún Linux. Apple mú un, ó sọ ọ́ di WebKit, Safari sì jáde ní 2003. Google lo WebKit yẹn nígbà tí Chrome jáde ní 2008, ó yà kúrò ní 2013, ó pe tirẹ̀ ní Blink. Ọdún yẹn náà ni Opera pa Presto tì, ẹ́ńjìnnì tó ṣe fúnra rẹ̀. Microsoft náà juwọ́ sílẹ̀: Edge tó gun orí Chromium jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2020. (Ẹni tó bá ń lo iPhone níbí, WebKit ni Chrome yín náà. Apple kò gba ẹ́ńjìnnì mìíràn láàyè, àfi níbi tí òfin ti fipá mú un, bíi Yúróòpù láti oṣù kẹta 2024.)

Ohun tó kan ìwọ nínú rẹ̀ nìyí. Tí ojú ìwé kan bá kọ̀ nínú Chrome torí ẹ́ńjìnnì, tó o wá gbé e lọ sínú Brave tàbí Edge, ibi kan náà lo ṣì wà. Nítorí náà, bíráúsà méjì ni kó o ní, kí ẹ́ńjìnnì wọn yàtọ̀ síra. Lórí láptọ́ọ̀pù, Edge ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ṣe é yọ tán, nítorí náà fi í ṣe oní-Chromium rẹ. Yọ Chrome, fi Firefox kún un. Chrome àti Edge papọ̀ lórí 4GB, àfikún ẹrù lásán ni.

Ní ti fóònù, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí ibòmíràn. Chrome 138 ló kẹ́yìn fún Android 8 àti 9. Láti 139, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2025, Android 10 ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì kan ni gbogbo wọn jọ gùn: ibi tí Chromium bá ti fi Android 9 sílẹ̀, Brave àti àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, bó pẹ́ bó yá. Firefox kò sí lábẹ́ ìpinnu yẹn, ó sì ṣì ń gba àtúnṣe lórí Android 9. Àtúnṣe yìí kì í ṣe fún ẹwà o. Ihò tí olè lè gbà wọlé ló ń dí. Fún fóònù tìrẹ, Firefox ni kó jẹ́ àkọ́kọ́, bí ẹnìkan tilẹ̀ ní ó ti kú.

Lágere4G

Ẹ̀gbọ́n Adé, mo gbà pẹ̀lú yín lórí láptọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n lórí RAM 2GB, Firefox kò fúyẹ́ tó Opera Mini, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìṣòro ni pé àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí Opera Mini ń ṣe. Opera lásán, Chromium ni, bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Opera Mini tí ẹ bá fi sí "Extreme" yàtọ̀ pátápátá. Sáfà Opera, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́dọ̀ wọn, ló ń ṣí ojú ìwé náà lọ́ọ̀ọ́kán, á fún un mọ́ra, á wá fi èyí tó ti rù ránṣẹ́ sí fóònù. Fún kíka ìròyìn àti èsì bọ́ọ̀lù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti ju ìlà kan lọ, n kò rí èyí tó tó o.

Tó bá di ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, ẹ sá fún un. Ìdí rẹ̀ ni pé JavaScript, kóòdù tó ń mú ojú ìwé ṣiṣẹ́, orí sáfà ló ti ń ṣiṣẹ́, fún ìgbà díẹ̀ péré, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ á mú "Faculty", àwọn "Department" tó yẹ kó jáde lábẹ́ rẹ̀ kò ní jáde. Ẹ á fi fọ́tò ránṣẹ́, á máa yí. Ẹ á tẹ "Pay", ojú ìwé á funfun báláú. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé ní "Extreme", sáfà náà ló ń tú ojú ìwé wò kó tó dé fóònù, ìdè ààbò tó yẹ kó wà láàárín yín àti báńkì ti já lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà káàdì, PIN, BVN, ẹ má kọ wọ́n síbẹ̀. Tí ẹ kò bá ní bíráúsà mìíràn, ẹ tẹ àmì O tó wà nísàlẹ̀, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ "data savings" sí, ẹ yí "Extreme" padà sí "High", tàbí kí ẹ pa á pátápátá títí ẹ ó fi sanwó tán.

Ẹni tó bá sì ń kọ́ yín pé kí ẹ tan "Lite mode" inú Chrome láti fi ṣọ́ dátà, ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni. Google ti yọ ọ́ kúrò láti oṣù kẹta 2022.

AdéKóòdù

Lágere, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ RAM yẹn, n kò jiyàn. Kò gbọdọ̀ ṣí ju táàbù méjì mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n Firefox náà lè ṣọ́ dátà bí a bá kọ́ ọ. Tẹ àmì mẹ́nù, "Extensions", yan uBlock Origin, àfikún tó ń dí ìpolówó. Ìpolówó á dákẹ́, ìpolówó ló sì ń jẹ dátà jù lórí àwọn ojú ìwé ìròyìn wa. Lẹ́yìn náà ṣí uBlock, tẹ àmì jíà tó gbé ọ lọ sí dashboard, ní "Settings", tan "Block media elements larger than", fi 50 KB tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán tó bá wúwo ju ìyẹn lọ kò ní wọlé àyàfi tó o bá fọwọ́ kàn án. Padà sí Settings Firefox fúnra rẹ̀, wá "Autoplay", mú "Block audio and video".

Chrome orí fóònù kì í gba àfikún rárá. Ti kọ̀ǹpútà ń gbà á, ṣùgbọ́n Google yí òfin àfikún padà, wọ́n ń pè é ní Manifest V3, uBlock Origin gidi kò sì ṣiṣẹ́ nínú Chrome mọ́. "Lite" rẹ̀ ló kù, ọwọ́ rẹ̀ kò gùn tó ti àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń jẹun lórí ìpolówó ló ń ṣe òfin fún ohun tó ń dí ìpolówó. Ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀.

ỌmọParakin

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Pọ́tà kan kọ ọ́ sí gàdàgbà pé "Chrome nìkan". Ṣé Firefox á wá wúlò níbẹ̀?

AdéKóòdù

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé inú Chrome nìkan ni ẹni tó ṣe é ti dán an wò. Edge máa ṣí i láìsí wàhálà. Firefox náà sábà máa ń ṣí i. Tó bá kọ̀, nǹkan mẹ́ta ni kó o yẹ̀ wò kó o tó bínú sí i.

Àkọ́kọ́ ni pop-up. Ọ̀pọ̀ pọ́tà ń ṣí rìsíìtì àti ojú ìwé ìsanwó nínú fèrèsé tuntun, bíráúsà á sì dí i wẹ́rẹ́ láìsọ púpọ̀. Wo apá òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, àmì kékeré kan á wà níbẹ̀. Tẹ ẹ, gbà á láàyè fún ojúlé yẹn nìkan. Èkejì ni ààbò: nínú Firefox, àmì apata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, nínú Brave, àmì kìnnìún. Wọ́n lè dí kúkì (àkọsílẹ̀ kékeré tí ojúlé fi ń dá ọ mọ̀) ti ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó, torí ojúlé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti pọ́tà. Pa á fún pọ́tà náà, tún ojú ìwé gbé, san owó, tàn án padà. Ẹ̀kẹta ni kaṣé àtijọ́, ẹ̀dà ojú ìwé tí bíráúsà ti tọ́jú: Ctrl, Shift àti Delete, mú "Cached images and files" nìkan. Má fọwọ́ kan kúkì tó o bá wà láàárín ìforúkọsílẹ̀, torí ó máa lé ọ jáde.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tó o ti tẹ "Pay", má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ńbà ìsanwó tí pọ́tà fún ọ kó o tó san ni kó o fi wò ó bóyá owó ti wọlé.

ÌyáKafé_Mayfair

Ẹ sì má ṣe sanwó látinú Facebook tàbí Telegram. Tí ẹ bá tẹ líǹkì níbẹ̀, bíráúsà kékeré tó wà nínú áàpù yẹn ló ń ṣí i, kì í mọ̀ pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀, ẹ bá sì yẹ̀ síta lọ wo OTP, ó lè ti gbé ojú ìwé náà sọnù kí ẹ tó dé. Àmì mẹ́ta tó wà lókè ni kí ẹ tẹ̀, ẹ mú "Open in browser".

Nípa títẹ rìsíìtì, ó yẹ ká dúró lórí èyí díẹ̀, torí bébà tó ń ṣòfò lórí rẹ̀ ní géètì kámpọ́ọ̀sì kì í ṣe kékeré. Kí ẹ tó rán an sí pírìntà, ẹ tẹ Ctrl àti P, ní "Destination" ẹ mú "Save as PDF". Iná lè lọ nígbàkigbà. Tí PDF bá ti wà nílẹ̀, kò sóhun tó nù. Ẹ ṣí "More settings". "Paper size" gbọ́dọ̀ jẹ́ A4. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, Letter ni wọ́n gbé dání. Mìlímítà 216 ní 279 ni Letter, 210 ní 297 ni A4. Letter fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni ó kúrú jù, ìdí nìyẹn tí etí ìwé fi ń gé, tí ìlà ìbuwọ́lùwé á sì fò lọ sójú ewé kejì. Ẹ pa "Headers and footers", òun ló ń tẹ ọjọ́ àti àdírẹ́sì gígùn sí orí àti ìdí ìwé. Ẹ tan "Background graphics", láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ilé-ìwé àti àwọn ilà tábìlì kan kò ní jáde. Tó bá ku ìlà méjì péré tó fò sójú ewé kejì, ẹ mú "Scale" sí Custom, ẹ kọ 90. Nínú Firefox, "Fit to page width" ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò.

Fún ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà kafé: ẹ béèrè fún Guest, tí kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ yín. Ẹ tẹ àmì ojú ènìyàn lókè, ẹ mú "Guest". Incognito náà dára, Ctrl, Shift àti N. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, fáìlì tí ẹ bá ti gbà sílẹ̀ kò ní bá fèrèsé náà lọ. PDF tó ní orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà yín á wà nínú Downloads dúró de ẹni tó kàn. Ẹ pa á rẹ́, ẹ sì pa á rẹ́ nínú Recycle Bin náà. Ẹ̀yin oníkafé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lọ sí "Autofill" kí ẹ pa ti àdírẹ́sì àti ti ọ̀rọ̀ aṣínà. Bíráúsà ló ń fi orúkọ oníbàárà àárọ̀ sínú fọ́ọ̀mù oníbàárà ọ̀sán, tí wọ́n bá ti tẹ "Submit" ó di àtúnṣe olówó.

Títí_Modákẹ́kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, gbogbo ojú ìwé ló ń kọ "Your connection is not private". Chrome ni, Edge náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sì tún bá mi wo fóònù tó ń kọ ọ́ sókè lójoojúmọ́ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé.

Ẹ̀rọSábó

Wo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Tó bá ti padà sí ọdún tó ti kọjá lọ, ọ̀rọ̀ tán. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan gbé dání ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bíráúsà ń fi ọjọ́ kọ̀ǹpútà wò ó, ó rí i pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ tàbí pé ó ti parí, ó sì kọ̀. Wo ìsàlẹ̀ ìkìlọ̀ náà, "ERR_CERT_DATE_INVALID" ló máa wà níbẹ̀.

Ohun tó ń fà á ni bátìrì kékeré pẹlẹbẹ tó wà lórí pákó ìyá (motherboard) inú ẹ̀rọ, CR2032, fóòltì 3. Òun ló ń di aago mú nígbà tí iná kò bá sí. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí a sì ń yọ píọ́ọ̀gì lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kú. Yọ wáyà iná, tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè gbẹ, ti irin kékeré tó di bátìrì mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ta jáde. Fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + kọjú sókè. Ti láptọ́ọ̀pù máa ń ní wáyà méjì lára tí wọ́n fi rọ́bà wé, èyí tó ní wáyà gan-an ni kó o rà. Má ṣe fi iná jó wáyà mọ́ bátìrì lásán, ó lè bẹ́. Tan ẹ̀rọ, wọ BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn) pẹ̀lú F2 tàbí Delete, tún ọjọ́ ṣe. Nínú Windows, "Time & Language", mú "UTC+01:00 West Central Africa", kó o tan "Set time automatically".

Tí ọjọ́ bá tọ̀nà tí ìkìlọ̀ sì ṣì ń jáde lórí ojúlé kan ṣoṣo, má tẹ "Advanced" kọjá tó bá jẹ́ ibi tí a ti ń sanwó. Ka àdírẹ́sì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ná.

ÌyáKafé_Mayfair

Ti fóònù kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ojú ìwé kan ló béèrè pé kí ẹ tẹ "Allow", ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Chrome, àmì mẹ́ta, Settings, "Site settings", "Notifications". Gbogbo orúkọ tí ẹ kò bá mọ̀ lábẹ́ "Allowed", ẹ dí i. Ẹ má ra áàpù "cleaner" kankan.

Lágere4G

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìjà Google àti Apple àti ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé kiri yẹn, kí ló kàn wá nínú rẹ̀ ní Lágere?

AdéKóòdù

Ó kàn wá o. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ṣoṣo ni ọjà. Microsoft gbé Internet Explorer pọ̀ mọ́ Windows títí tó fi pa Netscape, bíráúsà tó gbajúmọ̀ nígbà náà. Ìjọba Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́ ní 1998. Internet Explorer 6 jáde ní 2001, ìkeje kò sì jáde títí di 2006. Ọdún márùn-ún! Kò sẹ́ni tó ń lé e, ó jókòó. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́ pọ́tà tí kò ṣí nínú ohun mìíràn, òmíràn nínú wọn ṣì ń dá ènìyàn lóró títí Microsoft fi pa Internet Explorer tì ní oṣù kẹfà 2022. Firefox 1.0, tó jáde ní oṣù kọkànlá 2004, ló jí i lójú oorun. "Chrome nìkan" tí ỌmọParakin rí lórí pọ́tà yẹn, àìsàn kan náà ló fẹ́ padà bọ̀.

Ní ti owó: ó hàn nílé ẹjọ́ pé Google san bílíọ̀nù 20 dọ́là fún Apple ní 2022 nìkan, kí Google lè jẹ́ ibi ìṣèwádìí tó máa kọ́kọ́ ṣí nínú Safari. Ní oṣù kẹjọ 2024, Adájọ́ Amit Mehta dá a pé Google rú òfin láti di ọjà ìṣèwádìí mú. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 ó ní kò pọn dandan kó ta Chrome, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn "èmi nìkan" mọ́. Ó ṣì lè sanwó o.

Ẹ̀rọSábó

Adé, sọ ọ́ tán. Owó ta ni Firefox ń jẹ?

AdéKóòdù

Ti Google ni, ẹ̀gbọ́n. Apá tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún Mozilla, àwọn tó ń ṣe Firefox, lọ́dọ̀ Google ló ti ń wá, fún iṣẹ́ ìṣèwádìí kan náà. Ẹni tó ń bá a du ọjà ló ń bọ́ ọ. Bí wọ́n bá dí owó yẹn lójijì, Google kọ́ ló máa kọ́kọ́ gbọgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi yọ̀ sí ẹjọ́ náà tàbí kí n ta kò ó. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa kéré: ká lo ẹ́ńjìnnì kejì, kí ẹni tó ń ṣe pọ́tà lè máa rí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé Firefox ń wọlé.

Lágere4G

Opera náà kì í ṣe ti ìtọrẹ àánú. Norway ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn olówó Ṣáínà rà á ní 2016, òun ló sì dá OPay sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2018. Gbogbo wọn ló ń ṣòwò.

Ẹ̀rọSábó

Kí n má gbàgbé Windows 10 yẹn, ỌmọParakin. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Edge á ṣì máa gba àtúnṣe lórí rẹ̀ títí ó kéré tán di 2028, ṣùgbọ́n bíráúsà tuntun kò lè dí ihò tó wà nínú Windows. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò inú ẹ̀rọ, àti, fún Intel, ìran kẹjọ sókè. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó wà ní ìsọ̀ kò dé ibẹ̀. Lórí 4GB, Linux Mint Xfce, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, ni mo máa fi sí i, Firefox á ti wà nínú rẹ̀. Gbé fáìlì rẹ sórí flash ná, torí ó máa nu gbogbo rẹ̀. Kó àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà jáde láti Chrome náà, Google Password Manager, Settings, "Export passwords". Fáìlì CSV ni, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á kà á bí ìwé ìròyìn, nítorí náà gbé e wọ Firefox ní "about:logins", kó o sì pa fáìlì náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

ỌmọParakin

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Lórí fóònù, nígbà tí Firefox ti wọlé, ṣé a lè yọ Chrome?

Ẹ̀rọSábó

Kò ní yọ, "Disable" ló máa gbé jáde. Lórí Android 9, ṣọ́ra níbẹ̀. Láti Android 7 sí 9, Chrome ló ń ṣe iṣẹ́ WebView, ìyẹn ohun tí áàpù báńkì àti àwọn mìíràn fi ń ṣí ojú ìwé nínú ara wọn. Kó o tó tẹ "Disable", lọ sí Settings, Apps, "Show system", wá Android System WebView, kó o rí i dájú pé ó wà, kó o sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ lórí Play Store. Tí o bá pa Chrome tí èyí kò sì sí nílé, áàpù báńkì á ṣí, á sì pa ara rẹ̀ dé. Tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kàn tan Chrome padà.